Ẹ Bi Wá: Kòtò Àyẹ̀wò àti Yàrà Lórí Ilẹ̀ Ahoro

Lẹ́tà tó wọlé lórí ilẹ̀ ahoro pọ̀ lóṣù yìí, láti Rẹ́mọ àti láti Ìjẹ̀bú. Ká tó bẹ̀rẹ̀: ihò kékeré onígun mẹ́rin tí a gbẹ́ kí a lè mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ ni à ń pè ní kòtò àyẹ̀wò. Èyí tó gùn tó sì tẹ́ẹ́rẹ́ ni yàrà. Méjèèjì kì í ṣe iṣẹ́ wíwá ìṣúra.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ilẹ̀ ẹbí wa kan wà lẹ́yìn Ṣàgámù, ó tó ékà 2. Àwọn àgbà ní ahoro ìlú ni, àpáàdì sì kún ojú ilẹ̀ náà. Igi obì ṣì wà lápá kan. A fẹ́ gé e sí púlọ́ọ̀tì, ṣùgbọ́n wọ́n ní ká kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹnìkan ní kòtò ni ká gbẹ́, ẹlòmíì ní yàrà ni. Èwo ni ká ṣe, mélòó ni yóò sì tó? — Ọmọ ẹbí, Ṣàgámù

Ẹ má tíì gbẹ́ nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ lọ gba ìwé àṣẹ, nítorí Òfin 77 ti ọdún 1979, èyí tó dá àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀, kò gbà kí ẹnikẹ́ni máa walẹ̀ wá ohun àtijọ́ láìgbàṣẹ. Pé ilẹ̀ jẹ́ ti ẹbí kò yọ ọ́ kúrò nínú òfin yẹn. Ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà ni kó sì wà nídìí rẹ̀, kì í ṣe ọmọ tó mọ ọkọ́ lò jù nínú ilé.

Bí ẹ ti ń dúró de ìwé, ẹ fi ẹsẹ̀ rin ilẹ̀ náà. Ẹ ṣán an, kí ènìyàn 4 tàbí 5 tò sí ìlà, kí àlàfo mítà 5 wà láàárín ẹnìkan sí èkejì, kí wọ́n rìn tààrà láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, kí wọ́n máa ka àpáàdì tí wọ́n bá rí. Ẹ bi àwọn àgbà pé níbo ni ẹnubodè wà, níbo ni ọjà wà, níbo ni arọ́, ìyẹn ilé àgbẹ̀dẹ, wà. Ẹ wo igi pẹ̀lú. Pèrègún tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ nínú igbó kò ṣàdédé hù bẹ́ẹ̀, ẹnìkan ló gbìn ín. Akòko àti ọ̀dán náà, ẹ fura sí wọn. Bí ẹ bá rí ìdàrọ́, èérí irin dúdú tó wúwo, tó ní ihò wẹ́wẹ́ lára bí inú àkàrà, ẹ fi àmì síbẹ̀: wọ́n ti fi iná ṣiṣẹ́ irin nítòsí.

Ẹ má gbára lé ojú ilẹ̀ nìkan o. Ẹni tó kọ ebè ti yí ilẹ̀ náà po léraléra, òjò sì ti wọ́ àpáàdì lọ sí ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ibi tó pọ̀ sí lè máà jẹ́ ibi tí ilé wà.

Ó wá kan gbígbẹ́. Ékà 2 jẹ́ nǹkan bí mítà onígun mẹ́rin 8,100. Bí ẹ bá gbẹ́ kòtò tó fẹ̀ ní mítà 1 sí mítà 1 ní gbogbo mítà 20, kòtò bí 20 ni yóò jẹ́. Ìdá kan nínú 400 ilẹ̀ yín péré nìyẹn, ṣùgbọ́n yóò sọ fún yín ibi tí nǹkan pọ̀ sí àti bí ó ṣe jìn tó. Ohun tí kò lè sọ ni ìrísí. Bí ògiri ilé àtijọ́ bá gba inú kòtò mítà kan kọjá, àwọ̀ ilẹ̀ tó yí padà lápá kan lẹ máa rí, ẹ ò ní mọ̀ bóyá ògiri ni tàbí ojú ọ̀nà.

Yàrà ló ń fi ìrísí hàn. Yàrà 6, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní mítà 20, tó sì fẹ̀ ní mítà 2, jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 240, ìyẹn nǹkan bí ìdá 3 nínú 100 ilẹ̀ yín. Iye tí iṣẹ́ àyẹ̀wò sábà máa ń gbẹ́ wà láàárín ìdá 2 sí 5 nínú 100. Kí gbogbo wọn má kọjú sí ibì kan náà: bí yàrà 6 bá lọ láti àríwá sí gúúsù, ògiri tóun náà lọ láti àríwá sí gúúsù lè sá pamọ́ sí àárín méjì nínú wọn, kí ẹ sì máa yọ̀ pé kò sí nǹkan. Bí àwọn àgbà bá ní odi ìlú gba ibẹ̀, ẹ dá yàrà kan kọjá lórí rẹ̀ ní ìbú.

Katapílà lè ṣí òkè yàrà, àmọ́ kí ẹnu abọ́ rẹ̀ jẹ́ pẹlẹbẹ. Eléyín máa ń ya ilẹ̀ jágajàga, kò sì sẹ́ni tó máa rí àmì òpó nínú pálapàla bẹ́ẹ̀. Kó máa há ilẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10 lẹ́ẹ̀kan, kó máa fà sẹ́yìn, kó má ṣe padà gun ibi tó ti há. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ dúró níbi tí dírẹ́bà ti ń rí i, kó máa wo ojú ilẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí àwọ̀ bá yí padà, kó gbé ọwọ́ sókè, kí ẹ̀rọ dúró, kí tírówẹ̀lì gba iṣẹ́ náà.

Ní tiyín, a ò ní í jẹ́ kí katapílà dé abẹ́ igi obì. Ẹ gbẹ́ kòtò káàkiri kọ́kọ́, kí ẹ yẹ gbòǹgbò sílẹ̀, kí ẹ wá dá yàrà síbi tí kòtò bá ti sọ̀rọ̀. Bí owó bá tó fún ọ̀kan ṣoṣo, kòtò ni kẹ́ ẹ mú.

Ẹ jọ̀wọ́, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Nínú kòtò mítà 1 sí mítà 1 tí à ń gbẹ́, gbogbo ẹgbẹ́ mi ló ń dúró ní sẹ̀ǹtímítà 60, wọ́n ní àwọn ti kan ilẹ̀ pupa tí ọwọ́ ènìyàn kò kàn. Ṣé ó tọ̀nà? Ẹ bá mi tò ó bí ó ṣe yẹ kí n gbẹ́ ẹ. — Akẹ́kọ̀ọ́, Àgọ́-Ìwòyè

Ó ṣeé ṣe kí wọ́n tọ̀nà. Ó tún ṣeé ṣe kó jẹ́ pé orí ògiri tó wó ni gbogbo yín dúró lé. Ẹ jẹ́ ká ti òkè wá.

Kan èèkàn 4, ta okùn, kó o sì wọn láti igun kan sí igun tó kọjú sí i: sẹ̀ǹtímítà 141 ni kó jẹ́ lọ́nà méjèèjì. Bí ọ̀kan bá jẹ́ 138 tí èkejì jẹ́ 144, kòtò rẹ ti wọ́. Gbé èèkàn sẹ́yìn igun díẹ̀, bí sẹ̀ǹtímítà 20, kí okùn kọjá lórí igun, nítorí igun tí èèkàn wà nínú rẹ̀ gan-an ló ń kọ́kọ́ ya lulẹ̀. Kan èèkàn kan sí ẹ̀gbẹ́ tó ga jù: láti orí rẹ̀ ni wàá ti máa wọn gbogbo jíjìn, kì í ṣe láti ojú ilẹ̀, tí ẹsẹ̀ yín máa tẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó di ọ̀sán. Bí kò bá sí ẹ̀rọ, róba omi tí bíríkìlà fi ń mú fáńdéṣọ̀n dọ́gba dára púpọ̀ fún un.

Sẹ̀ǹtímítà 10 ni kó o máa gbẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Àmọ́ bí ilẹ̀ bá yí padà ní sẹ̀ǹtímítà 4, dúró síbẹ̀, fún un ní nọ́ńbà tuntun àti àpò tuntun. Ọ̀pọ̀ ló gbàgbé èyí: wọ́n gbẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 wọn pé, wọ́n sì da ilẹ̀ eérú pọ̀ mọ́ ilẹ̀ pupa tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, kò sẹ́ni tó lè yà wọ́n mọ́.

Garawa péńtì lítà 20 ni kó o fi máa ka ilẹ̀ tó ń jáde. Sẹ̀ǹtímítà 10 nínú kòtò yìí jẹ́ lítà 100, garawa 5. Nígbà tí ilẹ̀ bá tú, ó máa ń wú, nítorí náà garawa 6 tàbí 7 ni wàá rí. Bí o bá ka 10, o ti gbẹ́ jìn jù tàbí o ti jẹ ògiri kòtò.

Gbogbo rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gba ojú ajọ̀ onímílímítà 5 tàbí 6. Ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké máa ń já bọ́ lójú ajọ̀ yìí, nítorí náà fi ajọ̀ onímílímítà 2 jọ garawa kan nínú ìpele kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ pupa tó bá tutù kò ní í jọ̀, yóò di kókó. Sá a sóòrùn díẹ̀, kó o fọwọ́ fọ́ ọ. A ti rí àwọn tó ń fi òkúta lọ̀ ọ́ lójú ajọ̀, tí wọ́n sì ń ṣe kàyéfì pé àpáàdì àwọn wẹ́.

Èédú, tí wọ́n fi ń mọ ọjọ́ orí ìpele, fi ṣóńṣó tírówẹ̀lì mú un, má fi ọwọ́ kàn án, má sì dì í sínú òwú tàbí tíṣù. Bébà onífàdákà tí wọ́n fi ń di oúnjẹ ni kó o fi wé e. Kọ ibi tó ti jáde sí bébà méjì, ọ̀kan nínú àpò, ọ̀kan lára rẹ̀. Lẹ́ẹ̀dì ni kó o fi kọ ti inú, nítorí báírò máa ń ṣá.

Ní báyìí, ilẹ̀ pupa yẹn. Ògiri amọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ilé àtijọ́, láti inú ilẹ̀ pupa kan náà tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Nígbà tí ilé bá di ahoro, ewé orùlé á jẹrà, òjò á wọlé, ògiri á rọ̀, yóò sì tẹ́ sílẹ̀ lórí ilẹ̀pẹ̀ yàrá. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ìpele pupa kan tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 30 tàbí 50 á wà níbẹ̀, tí kò ní àpáàdì púpọ̀ nínú, tó sì jọ ilẹ̀ àdámọ́, èyí tí ọwọ́ ènìyàn kò kàn, jọjọ. Abẹ́ rẹ̀ gan-an ni ilé wà: ilẹ̀pẹ̀ tí wọ́n lù tó le, eérú ààrò, ìkòkò tí wọ́n fi sílẹ̀.

Ìyàtọ̀ wà bí o bá sún mọ́ ọn. Bomi wọ́n ọn wẹ́rẹ́, kó o fi ojú tírówẹ̀lì gé e kó dán. Ògiri wíwó máa ń ní tóótòòtó èédú dúdú bí orí abẹ́rẹ́, èéfọ́ àpáàdì tí kò ju èékánná lọ, àti kókó amọ̀ tí àwọ̀ wọn kò bára mu. Ilẹ̀ àdámọ́ máa ń rí bákan náà káàkiri, àfi yangí àti ihò gbòǹgbò. Bí o kò bá dá a lójú, má ṣe gbẹ́ gbogbo kòtò: mú igun kan, gbẹ́ ihò sẹ̀ǹtímítà 30 sí 30 sísàlẹ̀ fún sẹ̀ǹtímítà 30 sí i. Bí ó bá mọ́ títí dé ìdí, o lè dúró. Ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹni tó ń ka ìròyìn rẹ lè rí i pé o wò.

Kí o tó kúrò, gé ògiri kòtò kó tọ́, ya àwòrán ojú kan ó kéré tán ní òṣùwọ̀n 1:10, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 1 lórí bébà fún 10 nínú ilẹ̀. Má fa àpáàdì tó yọ orí lára ògiri. Àwòrán ni kó wọ̀, kì í ṣe àpò.

Bí kòtò bá sì kọjá mítà 1.2, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀ mọ́ àfi tí ẹ bá gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí àtẹ̀gùn tàbí tí ẹ fi pákó tì í. Ilẹ̀ tí ẹ kó jáde kó jìnnà sí ẹnu kòtò tó mítà kan. Ilẹ̀ oníyanrìn kì í kìlọ̀ kó tó ya.

Kòtò 6 la gbẹ́, a ò rí nǹkan kan. Àwọn ará ilé ní owó ti ṣòfò. — Ìkẹ́nnẹ́

Kò ṣòfò. Kòtò tó ṣófo ti sọ ibi tí ẹ lè kọ́lé sí láìba nǹkan jẹ́. Ohun kan ṣoṣo la fẹ́ bi yín: ṣé ẹ kọ jíjìn rẹ̀ àti ìpele rẹ̀ sílẹ̀? “A ò rí nǹkan” láìsí àwòrán kò yàtọ̀ sí pé ẹ ò gbẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, àpáàdì tí a rí ní ojú bí ìgbà tí wọ́n fi ṣùkù àgbàdo yí i lára. Nínú ìpele kan náà la tún ti rí nylon omi. Báwo ni méjèèjì ṣe pàdé, ọdún mélòó sì ni àpáàdì náà? — Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ ti rí aago kékeré kan. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni àgbàdo ti wá, ó sì dé ọ̀dọ̀ wa lẹ́yìn tí àwọn Potogí ti ń wọ etíkun. Nítorí náà ìkòkò tí wọ́n fi ṣùkù àgbàdo yí lára kò lè ti wà ṣáájú nǹkan bí ọdún 1500. Ìkòkò tí wọ́n fi ń fa tábà náà bẹ́ẹ̀, tábà ò sí níhìn-ín ṣáájú ìgbà yẹn. Ojú ibi tí wọ́n yí okùn lílọ́ sí kò wúlò tó bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ orí, wọ́n ti ń ṣe é tipẹ́, wọn ò sì tíì yé ṣe é. Ẹ kíyè sí i pé “kò lè ti wà ṣáájú 1500” kò túmọ̀ sí pé 1500 gan-an ni wọ́n mọ ọ́n. Ìyá àgbà kan lè ti mọ ọ́n ní 1900.

Ní ti nylon, òkété ni ẹ máa kọ́kọ́ fura sí. Ihò rẹ̀ máa ń gba inú ìpele mẹ́ta kọjá, ohun tó wà lókè á já sísàlẹ̀, ilẹ̀ ìsàlẹ̀ á dé òkè. Ikán náà ń gbé ilẹ̀ wẹ́wẹ́ sókè títí tí ohun ńlá fi ń rì díẹ̀díẹ̀. Ẹ wo ojú ògiri: bí ẹ bá rí àbàwọ́n róbótó tó rọ̀, tó dúdú ju ìyókù lọ, ihò ni. Ẹ kọ́kọ́ kó inú rẹ̀ kúrò, ẹ fi sí àpò ọ̀tọ̀, kí ẹ tó tẹ̀ síwájú. Bí ẹ kò bá rí ihò kankan, tí nylon sì wà káàkiri ìpele náà, a jẹ́ pé ìpele náà gan-an ni wọ́n ti yí po láìpẹ́. Àpáàdì yín ò parọ́, ibi tó wà ló yí padà.

Erédò, yàrà àti odi àtijọ́ nì, gba ẹ̀yìn ilẹ̀ wa kọjá. Àwọn ọ̀dọ́ ní ká fi katapílà là á já ká lè mọ ìgbà tí wọ́n gbẹ́ ẹ. Ẹ gbà wá níyànjú. — Ìtòsí Òkè-Èrí

Ẹ má ṣe é. Erédò Súngbọ́ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká ní nǹkan bí kìlómítà 160, láwọn ibì kan ó sì ga tó mítà 20 láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi. Láti 1995 ló ti wà nínú ìwé tí Nàìjíríà fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ UNESCO fún àwọn ibi tó ń retí ìdánimọ̀. Ibi tí katapílà bá là ti lọ nìyẹn.

Àmọ́ ìbéèrè àwọn ọ̀dọ́ náà dára, ìdáhùn rẹ̀ sì ṣòro ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Ká ní àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe, tí wọ́n ní ìwé àṣẹ, dá yàrà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí ìbú odi náà. Níbo ni wọ́n ti máa mú èédú tí wọ́n máa fi mọ ọjọ́ orí rẹ̀? Èyí tó wà nínú odi kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Inú yàrà ni ilẹ̀ odi ti jáde, èédú oko tí wọ́n ti sun tipẹ́tipẹ́ lè bá a gòkè. Èyí tó wà lójú ilẹ̀ àtijọ́ tí odi tẹ̀ mọ́lẹ̀ sàn jù: odi ò lè dàgbà ju ilẹ̀ tó jókòó lé lọ. Ìpele dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni ẹ máa wá lábẹ́ odi, ó lè máà ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ. Lódì kejì, èédú inú ẹrẹ̀ àkọ́kọ́ tó rọ́ sí ìsàlẹ̀ yàrà sábà máa ń sọ fún yín pé ìgbà yẹn ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ tán, bí kò bá ti orí odi rọ́ wá. Àárín méjèèjì ni ọjọ́ náà wà. Ẹni tó bá mú èédú kan ṣoṣo láti inú odi, tó sì pariwo ọdún fún yín, ẹ bi í léèrè ibi tó ti mú un.

Odi gíga bẹ́ẹ̀ kò ṣeé gé gbọnrangandan. Bí àtẹ̀gùn ni wọ́n ń gbẹ́ ẹ, ìpele mítà kan mítà kan, kó máa sún sẹ́yìn. Ibi tí òjò tàbí ojú ọ̀nà ti gé odi tẹ́lẹ̀ ló sì yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Wọ́n lè tún ojú ibẹ̀ gé kó mọ́, kí wọ́n yàwòrán rẹ̀, láìba ohun tó kù jẹ́.

A kan egungun ènìyàn. — Òde-Rẹ́mọ

Ẹ dúró. Ẹ fi ilẹ̀ tó rọ̀ bò ó padà, kí oòrùn má bà á jẹ́. Ẹ sọ fún olórí ẹbí àti baálẹ̀, kí ẹ sì fi tó àjọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé létí. Bí aṣọ tàbí nǹkan ìgbàlódé bá wà lára rẹ̀, ọlọ́pàá ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pè. Inú ilé ni àwọn baba wa ń sin òkú sí, kò yani lẹ́nu. Ilẹ̀ wa kíkan, ó máa ń jẹ egungun, nítorí náà nígbà míì òjìji àwọ̀ nìkan ló kù nínú ilẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ bá rí àbàwọ́n tó gùn bí ènìyàn.

Ìgbà wo nínú ọdún ló dára jù, báwo la sì ṣe máa dí kòtò náà padà? — Ìpẹru

Láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta. Lásìkò òjò, kòtò á di kànga. Àbùkù ẹ̀ẹ̀rùn ni pé ilẹ̀ pupa á le bí bíríkì, gbogbo àwọ̀ á sì jọra; ẹ ní ike oníhò tí wọ́n fi ń fọ́n omi sí ewébẹ̀ lọ́wọ́.

Ní ti dídí, ẹ tẹ́ aṣọ àpò ike tó ń jẹ́ kí omi kọjá sí ìdí kòtò, ẹ ju owó kọ́bọ̀ tí wọ́n tẹ ọdún sí lé e lórí. Ẹni tó bá tún gbẹ́ ibẹ̀ lọ́jọ́ iwájú á mọ ibi tí ẹ dé. Ilẹ̀ ìsàlẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wọlé, ilẹ̀ dúdú òkè kó kẹ́yìn, kí ẹ máa kì í mọ́lẹ̀ ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà 20. Ẹ fi òkìtì díẹ̀ sílẹ̀ lókè, yóò rì. Ẹ fún sọ̀fíọ̀ ní ibi tí kòtò kọ̀ọ̀kan wà kó fi wọ inú máàpù, kí bíríkìlà má lọ gbé igun ilé ka orí ilẹ̀ tó rọ̀.